Ibi Tí Àwọn Àpótí Ti Ń Kàwé

“Lorne, èwo ni ká gbọ́ nínú méjèèjì?” Ìyá rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù. “Fóònù tèmi ní kò séwu. Ti Agnes tó múlé tì mí ní ká sá fún iná kíákíá. Ṣé iná náà mọ ojúlé ni?”

“Màámi, ẹ di ẹrù yín. Ẹ sá.”

“Mi ò tíì rí ológbò mi.”

Lorne Hrynchuk gbé fóònù sílẹ̀. Òun ni ọ̀gá àwọn tó ń fi ìkìlọ̀ iná igbó ránṣẹ́ sórí fóònù aráàlú, èéfín sì ti bo òkè tó wà lójú fèrèsé. Inú àwọn àpótí kan tí kì í ṣe onígi, ètò inú kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní kọnténà, ni iṣẹ́ ìkìlọ̀ náà wà, lórí agbo kọ̀ǹpútà tó so kọ́ra. Bí àpótí kan bá kú, agbo á jí òmíràn dìde. Láti àárọ̀ ni Lorne ti ń wọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń fi orúkọ àwọn òpópónà tí iná ń lọ bá sí i.

“Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.” Anneke Friesen ni, tí tábìlì rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀. “Èyí tí ẹ tún ṣe lẹ́ẹ̀kan ti kú. Èyí tó rọ́pò rẹ̀ ò mọ nǹkan kan nínú ohun tí ẹ kọ́ òkú. Ìdí nìyẹn tí fóònù kan fi ń gba ìkìlọ̀, tí èkejì ò gbà á.”

“Kí wá ni ṣíṣe?”

“Ká gbé fáìlì òpópónà àti fáìlì àṣẹ tó ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ síta, sójú kan lórí agbo. Àpótí yòówù tó bá jí, ibẹ̀ ni yóò ti kà á. Àmọ́ a óò pa àwọn tó wà ńlẹ̀.”

“Pa wọ́n? Pẹ̀lú iná lẹ́nu ọ̀nà?”

“Lọ́kọ̀ọ̀kan ni. Ti àtijọ́ ò ní lọ àfi tí tuntun bá ní òun ti ṣe tán.”

Lorne wo òkè. “Ó yá.”

Àpótí tuntun jí, ó ṣubú. Ó tún jí, ó tún ṣubú. Anneke ò pariwo, kò sì sáré. Ó fara balẹ̀ ka ohun tí àpótí náà sọ kó tó kú.

“Ẹ̀bi mi ni,” ó ní. “Mo fún un ní fáìlì àṣẹ, mi ò sì fún un láyè láti mú un ṣiṣẹ́. Kíkà nìkan ló lè kà á. Ẹ má fòyà, ti àtijọ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.”

Ó tún un ṣe. Tuntun jí, ó dúró ṣinṣin. Ti àtijọ́ kógbá wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e, òmíràn tún tẹ̀ lé e. Lorne kò rí ikú tó létò tó báyìí rí. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yẹn gan-an ló ń wò. Èèyàn ṣàṣìṣe lójú iná, ó jẹ́wọ́, ó tún un ṣe, ohùn rẹ̀ ò sì yí padà!

Fóònù dún. “Tèmi náà ti gbọ́n o! Ó ní ká máa bọ̀ ní gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń gbá họ́kì.”

“Ológbò ńkọ́, Màámi?”

“Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó lóun ò jáde, èmi náà ò sì lọ.”

Lorne ò fi àga rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni rí lọ́jọ́ iná. Ó dìde, ó mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

“Anneke, ìjókòó mi rèé. Èyí tó bá yẹ kó kú, pa á. Má pè mí.”

“Ẹ máa lọ, ọ̀gá. Ẹ bá mi kí Màmá.”