Orúkọ Tí Kúlúsúmù Pè

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń tú jáde lẹ́nu ọmọ rẹ̀ lórí pèpéle, ẹyọ méjì péré ló yé Ràbíátù dájú: orúkọ ọkọ rẹ̀, àti orúkọ òun fúnra rẹ̀.

Òyìnbó ni ọmọ náà ń sọ. Ó dúró ṣánṣán, ó káwọ́ sẹ́yìn, aṣọ ilé-ìwé tí bàbá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ rán fún un sì bá a mu rẹ́gí. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan, ó pe Sàláúdéènì mọ́ ọn. Ó sọ òmíràn, ó pe Ràbíátù mọ́ ọn. Ó pè é kedere, kò gé e kúrú, kò gbé e mì. Àwọn òbí tó wá wo ọmọ wọn lọ́jọ́ náà kún gbọ̀ngàn ilé-ìwé.

Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́yìn ló kọ́kọ́ figbe ta. "Yéè! Orúkọ bàbá ẹ̀! Orúkọ ìyá ẹ̀!"

Ta ni kò mọ èèwọ̀ náà ní Ìbàdàn? Ní agboolé ọkọ Ràbíátù ní Bẹ́yẹrúnkà, ọmọ tó bá dán irú rẹ̀ wò, ìgbájú ni wọn yóò kọ́kọ́ fi dá a lóhùn, kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọmọ kì í pe orúkọ ẹni tó bí i. Kódà bí ọmọ bá sọnù lọ́jà, tí wọ́n sì bi í pé ọmọ ta ni, "Ọmọ Ìyá Kúlú ni mí" ni yóò máa wí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Ilé-ìwé náà wà lẹ́bàá Bẹẹrẹ, kò sì tíì pẹ́ nígbà náà tí ìjọba sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́. Kó tó di àkókò ìsinmi, Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ohun gbogbo, títí dé orí ìṣirò. Bí wọ́n bá ti jẹ àkàrà ìsinmi tán, ó di Òyìnbó pátápátá. Ilé-ìwé Elédè Méjì ni àwọn ará àdúgbò ń pè é. Àwọn tí ẹnu wọn mú ń pè é ní Ilé-ìwé Ẹlẹ́nu Méjì.

Nítorí Yorùbá òwúrọ̀ ni Sàláúdéènì ṣe gbà kí ọmọ rẹ̀ lọ. Télọ̀ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù l'Ọ́jà'ba, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ọmọ òun di nǹkan mìíràn. Nítorí Òyìnbó ọ̀sán ni Ràbíátù ṣe gbà ní tirẹ̀. Abọ́ tánganran ló ń tà, ó sì ti sú u láti máa dúró bí odi níwájú àwọn akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù tó ti ń rajà ní Ògùnpa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Kúlúsúmù bá ń ka ìwé Òyìnbó, Ràbíátù á jókòó tì í, á máa mi orí bí ẹni tó gbọ́. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ohùn ọmọ rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn, ó sì tún ń dùn ún, àfi bí ẹni pé ọmọ náà ti wọ yàrá kan, tó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ òun síta.

Sàláúdéènì ti dìde. Tíṣà Olúgbénga sáré bọ́ sílẹ̀ lórí pèpéle, ó dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá wa, ẹ má bínú. Èmi ni mo kọ́ ọ ní orúkọ yín méjèèjì láti inú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Lédè Òyìnbó, kì í ṣe àfojúdi. Bí àwọn ṣe ń sọ ti ara wọn fúnni nìyẹn."

"Àwọn wo? Ṣé ọmọ Òyìnbó ni mo bí ni?"

"Rárá o, sà."

"Ó parí nìyẹn. Láti ọ̀la lọ, ilé kéwú ló ń lọ, láàárọ̀ àti lọ́sàn-án. Ìyá Kúlú, mú ọmọ ẹ kí ẹ máa bọ̀ nílé."

Ó gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó lọ. Kúlúsúmù ṣì wà lórí pèpéle, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lẹ́yìn, omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì mọ ohun tí òun ṣe.

Ó yẹ kí inú bí Ràbíátù. Ó wá ìbínú náà nínú ara rẹ̀, kò rí i. Àwọn ará ilé ọkọ ti sọ ọ́ di Ìyàwó láti ọjọ́ tó ti wọlé wọn. Nígbà tó bímọ, ó di Ìyá Kúlú. Lọ́jà, Ìyá Alábọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan ṣoṣo tó lè pè é ní Ràbíátù ti bá òwò lọ sí Kùmásí, kò wálé mọ́. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, kò sẹ́ni tó tún pe orúkọ náà sí i létí. Ìyá rẹ̀ máa ń fa àárín rẹ̀ gùn díẹ̀ bó bá ń pè é. Kúlúsúmù, tí kò mọ ìyá àgbà náà rí, ti fa ibẹ̀ gan-an. Àárò ìyá rẹ̀ sọ ọ́ lójijì níbi tó jókòó sí, ó sì ń fẹ́, kí Ọlọ́run forí jì í, kí ọmọ náà tún un pè.

Níta, lábẹ́ igi, obìnrin kan tó wọ gáwùn wá bá a. Clara ni, ìyàwó pásítọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Èkó. Ọmọ rẹ̀, Bọ́lájí, ló ṣáájú Kúlúsúmù lórí pèpéle. Yorùbá ni wọ́n ní kí tirẹ̀ sọ. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó ní, "Ẹ káàsán o, ìyà mi," gbogbo ènìyàn sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyá Kúlúsúmù, ẹ pẹ̀lẹ́ o."

"Ẹ ṣeun, Ìyá Bọ́lájí."

"Ẹ ò rí tèmi bí? Ó ní èmi ni ìyà òun!" Clara rẹ́rìn-ín, ó sì fi ìka nu ojú. "Àwa la fà á. Òyìnbó nìkan là ń sọ sí i l'Ékòó. Ìgbà tí a dé, ó lọ bá ìyá bàbá ẹ̀, ó ní, 'Ìwọ, wá jẹun.' Màmá ò fẹnu kan oúnjẹ lọ́jọ́ náà. Ìdí tí mo ṣe mú un wá síbí nìyẹn. 'Mọ́mì' ló ń pè mí látọjọ́ tó ti ń sọ̀rọ̀. Òní ló kọ́kọ́ dán 'ìyá mi' wò. Ìyà tó pè mí yẹn, mo gbà á bẹ́ẹ̀."

Ràbíátù wò ó. Ohun tí Kúlúsúmù ń fún òun lọ́fẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́ ni obìnrin yìí ń sunkún sí.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó wí, "kí ni ọmọ mi ń sọ nípa mi?"

"Ó ní, 'Orúkọ ìyá mi ni…'" Ojú ti Clara náà láti parí rẹ̀. "Ó ní, 'Abọ́ ni wọ́n ń tà l'Ọ́jà'ba. Kò sẹ́ni tí abọ́ ẹ̀ ń dán tó tìyá mi.'"

Ràbíátù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sílé.

Sàláúdéènì jókòó sídìí maṣín rẹ̀ nínú yàrá, kò rán nǹkan kan. Ràbíátù kúnlẹ̀.

"Bàbá Kúlú, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí ara Kúlú ò yá, kí ni Ààfáà kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó ṣe àdúà fún un?"

"Orúkọ ìyá ẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ dá wọn lóhùn. Tó bá wá di ọjọ́ tí èmi àtẹ̀yin ò sí ńkọ́?"

"Ọlọ́run mọ orúkọ gbogbo èèyàn. Dìde."

Kò dìde. Kò pète láti sọ èyí tó kù, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti sọ ọ́. "Ẹ̀yin náà, kí lorúkọ ìyá yín?"

"Ìyá Yẹ̀kínì," Sàláúdéènì dáhùn kíá.

"Ẹ̀gbọ́n yín tó dolóògbé ló ń jẹ́ Yẹ̀kínì."

Ọkọ rẹ̀ gbé ọwọ́ kúrò lórí maṣín. Kékeré ló wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ọ̀nà Ìlọrin ni wọ́n ti fẹ́ ìyá náà wá, Sàláúdéènì kò sì mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ìyá Yẹ̀kínì ni gbogbo ọmọdé ilé ń pè é, òun náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Ràbíátù rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, àánú ṣe é, ì bá sì ti gbé ọ̀rọ̀ náà mì bó bá ṣeé gbé mì. Sàláúdéènì mú fìlà rẹ̀, ó jáde, ó gba ọ̀nà agboolé wọn ní Bẹ́yẹrúnkà lọ béèrè.

Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó padà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò bọ́ bàtà.

"Ìyá Àgbà nìkan ló kù nílé wa tó mọ ìyá mi lójú," ó wí. "Wọ́n ní Ìyàwó làwọn ń pè é. Títí tó fi kú. Ìyàwó."

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Kúlú."

Ó jókòó. Ó bọ́ bàtà. "Kúlú!"

"Sà!" Ọmọ náà sáré wá, ó kúnlẹ̀.

"Kí lorúkọ ìyá ẹ?"

Kúlúsúmù wo ìyá rẹ̀. Ó wo ọwọ́ bàbá rẹ̀, bóyá yóò gbéra. "Mi ò lè pè é, Bàbá."

"Mo ní kí o pè é."

"Kò ṣeé pè ní Yorùbá, Bàbá. Òyìnbó nìkan ni mo lè fi pè é."

Sàláúdéènì tẹ orí ba. "Fi Òyìnbó pè é, nígbà náà."

Ọmọ náà pè é, ohùn rẹ̀ ò ròkè. Ràbíátù dijú, ó ń dúró de ohùn ìyá rẹ̀ nínú ohùn ọmọ náà. Kò gbọ́ ọ mọ́.

"Lọ fọ aṣọ ilé-ìwé ẹ," ni Sàláúdéènì wí, "kó lè gbẹ dàárọ̀."

Ràbíátù ṣì dijú. Ohùn Kúlúsúmù nìkan ló ṣì ń gbọ́ létí, tó ń rọra pe orúkọ náà kó má baà ṣì í pè. Ìyá Ràbíátù ti lọ tán. Ọmọ yìí ló kù nílé tó ń pe òun lórúkọ.