Bí O Bá Ń Gbọ́ Mi, Yí sí Òsì

2.

…ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tó ń pè é, kò sì sí ẹni tó dáhùn.

“Akẹ́kọ̀ọ́ mi, ilé ìṣọ́ ló ń pè ọ́. Níbo lo wà?”

Rédíò ń hó ṣìì. Ẹ̀gbọ́n wo ìta. Ilé ìṣọ́ ga, gíláàsì ló yí i ká, ṣùgbọ́n kí ni gíláàsì fẹ́ ṣe nígbà tí kùrukùru ti bo gbogbo pápá? Kò rí nǹkan kan.

1.

Ẹ má bínú, eléyìí ló yẹ kó ṣáájú. Inú àwọn méjèèjì ló ń bí mi ni mo ṣe fò ó.

Obìnrin kan àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, pápákọ̀ òfurufú kan náà ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n wà lókè ilé ìṣọ́, òun ló ń sọ fún bàálù pé gbéra, pé balẹ̀. Àbúrò wà nísàlẹ̀, nínú yàrá rédà tí kò ní fèrèsé, ó ń wo àwọn àmì iná tí ń rìn lójú ẹ̀rọ, àmì kan fún bàálù kan. Bàálù kan kì í bọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan sọ́wọ́ ẹnì kejì láìjẹ́ pé wọ́n jọ sọ ọ́ lórí fóònù tó so yàrá méjèèjì pọ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe jẹun nìyẹn.

Ìyá tó bí wọn wá ńkọ́? Àbúrò lọ palẹ̀ ẹrù ìyá mọ́, ó gbé ìyá lọ sílé ara rẹ̀, kò sọ fún Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n dé ẹnu ọ̀nà ìyá, àgádágodo ló bá níbẹ̀.

Ẹ gbà mí! Ẹni tí kì í gba bàálù láìsọ!

Láti ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ló ń kọjá láàárín wọn. Kò sí “ẹ káàárọ̀”, kò sí ẹ̀fẹ̀.

3. ÌKÉDE LÁRA ÒGIRI YÀRÁ RÉDÀ

BÍ O BÁ RÍ I, SỌ Ọ́.
KÌ Í ṢE TÌRẸ? ṢÁÀ SỌ Ọ́.

*(Ẹnì kan fi báírò kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: olófòófó gbogbo!)*

4.

Àbúrò rí i. Àmì kékeré kan tó yẹ kó máa yí pápá po, ó ń ṣáko lọ síbi tí òkè ńlá wà. Ti ilé ìṣọ́ ni, kì í ṣe tirẹ̀. Láyé ọjọ́un, ì bá ti gbé fóònù: “Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ yín ń sá lọ o!” Ẹ̀gbọ́n á sì rẹ́rìn-ín.

Lónìí ó panu mọ́. Kò fẹ́ kó dà bíi pé òun ń wá ojúure. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀.

Àmì náà ń lọ.

5.

Ó gbé fóònù.

6. LÓRÍ FÓÒNÙ

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n, ọmọ yín ti ṣìnà. Òkè ló kọjú sí.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń pè é, kò dáhùn. Ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ ni. Òní ló kọ́kọ́ dá wa bàálù.

ÀBÚRÒ: Ó lè máa gbọ́ yín. Bóyá rédíò ẹ̀ ń gbọ́ràn, tí kò lè sọ̀rọ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Bá a sọ̀rọ̀ nígbà náà.

ÀBÚRÒ: Rédíò tèmi ò kan ìkànnì tó wà. Ohùn yín nìkan ló lè gbọ́.

Ẹ̀GBỌ́N: Èmi ò sì rí i.

ÀBÚRÒ: Èmi rí i.

*(Ẹ̀gbọ́n fa rédíò mọ́ra.)*

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Bá mi máa wò ó.

7.

“Akẹ́kọ̀ọ́ mi, ilé ìṣọ́ nìyí. Má fòyà. Bí o bá ń gbọ́ mi, yí sí òsì.”

8.

Àmì náà ń lọ tààrà.

9.

Tààrà.

10.

ÀBÚRÒ: Ó yí! Ẹ̀gbọ́n, ó yí! Ó ń gbọ́ yín!

Ẹ̀gbọ́n lu tábìlì gbàmù. Tíì rẹ̀ dà nù, kò wo ibẹ̀.

11. OHUN TÍ ÀBÚRÒ ṢE, TÍ FÓÒNÙ Ò KÚRÒ LÉTÍ RẸ̀

— Ó dá bàálù ńlá kan tó kún fún èrò dúró lókè. Awakọ̀ rẹ̀ ń kùn. Ó ní kó máa kùn lọ.

— Ó ní kí àwọn panápaná jáde.

— Ó nu òógùn ojú.

12. LÓRÍ FÓÒNÙ, LÓRÍ RÉDÍÒ

ÀBÚRÒ: Kó rọra máa sọ̀kalẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Rọra máa sọ̀kalẹ̀, ọmọ mi.

ÀBÚRÒ: Ọ̀tún díẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ọ̀tún díẹ̀.

ÀBÚRÒ: Ó ti pọ̀ jù. Òsì, bíńtín.

Ẹ̀GBỌ́N: Òsì, bíńtín. O káre.

ÀBÚRÒ: Èmi àbí òun?

Ẹ̀GBỌ́N: Òun ni. Gbájú mọ́ṣẹ́ ẹ.

ÀBÚRÒ: Ọ̀nà ìbalẹ̀ wà níwájú ẹ̀ gan-an. Ẹ̀gbọ́n, ó ti wálẹ̀ kọjá ibi tí rédà ń rí. Kò sí lójú mi mọ́. Ó dọwọ́ yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dọwọ́ mi.

13.

Funfun.

Funfun.

Iná kan! Apá kan! Táyà!

Bàálù náà kanlẹ̀, ó ta sókè, ó tún kanlẹ̀, ó sáré títí, ó dúró. Áà! Ariwo tó sọ nílé ìṣọ́ lọ́jọ́ náà! Àwọn panápaná ń fò sókè bí ọmọdé. Ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ náà sáré já pápá pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọmọ náà jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń fi wọ́n juwọ́ sí gbogbo ayé. Ẹ̀gbọ́n ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo pé, “A mú un délé! A mú un délé!”

Nísàlẹ̀, Àbúrò gbọ́ “a” yẹn. Ọkàn rẹ̀ kún.

14. ÀTẸ̀JÍṢẸ́

*Ọ̀gá akẹ́kọ̀ọ́:* Ọmọ mi ní kí n bá òun dúpẹ́. Ó ní ṣé ẹ ń rí òun látòkè níbẹ̀ ni?

*Ẹ̀gbọ́n:* Èmi kọ́. Àbúrò mi ni.

15. LÓRÍ FÓÒNÙ

ÀBÚRÒ: Ẹ̀gbọ́n.

Ẹ̀GBỌ́N: Mò ń gbọ́.

ÀBÚRÒ: Ọ̀rọ̀ màmá. Ó yẹ kí n ti sọ fún yín kí n tó gbé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.

Ẹ̀GBỌ́N: Bàálù ńlá ẹ ńkọ́?

ÀBÚRÒ: Mo ti ń mú un bọ̀. Ṣé ẹ gbà á?

Ẹ̀GBỌ́N: Mo gbà á. Màmá náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi ní Sátidé.

ÀBÚRÒ: Háà, Ẹ̀gbọ́n! Àtẹ̀gùn ilé yín ti ga jù fún orúnkún wọn!

Ẹ̀GBỌ́N: Orúnkún ta ni? Ta ló ń fi òróró ra á kó o tó mọ̀ pé ó ń dùn wọ́n?

ÀBÚRÒ: Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ ná…

Ẹ̀GBỌ́N: Ta ló dí ọ lẹ́nu?

16.

Bàálù ńlá ti balẹ̀. Èrò ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tíì gbé fóònù sílẹ̀.