Òpó Méjìlá Létí Ibú Eléwé

Èmi Síkírù ni mo da àwọn òpó yẹn. Ẹ jẹ́ kí n tètè fẹnu ara mi sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Méjìlá ni wọ́n, kọnkéré gidi, irin mẹ́rin mẹ́rin ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì dá ihò kékeré sí orí wọn bí mo ṣe máa ń ṣe láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń ṣiṣẹ́ bíríkìlà ní Òṣogbo. Tí ẹ bá ra ilẹ̀ ní agbègbè wa, tí sọ̀fíyọ̀ sì wá wọ̀n ọ́n fún yín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òpó mi ni wọ́n rì sí igun rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Fadékẹ́ ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Olùkọ́ ni ní yunifásítì, ọ̀rọ̀ ẹja ló kàwé lé lórí, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi sì ń pè é ní Dókítà Ẹja tí kò bá sí nítòsí. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń wọ bùútù rọ́bà kiri inú odò wa, tó ń fi àwọ̀n kékeré gbọ́n ẹja, tó ń kà wọ́n, tó sì ń dá wọn padà sómi. Ẹ̀rín ló ń pa wá nígbà yẹn. Ta ló ń mú ẹja tó tún ń dá a padà?

Ibi tí ẹja ti ń yé ẹyin ló ń wá. Ó ní kì í ṣe ibi gbogbo nínú odò ni ẹja ti ń bí sí. Àwọn ibi kan wà tó jẹ́ pé bí a bá bà wọ́n jẹ́, odò á ṣì máa ṣàn, ṣùgbọ́n ẹja ò ní sí nínú rẹ̀ mọ́. Ó rí ọ̀kan ní Ibú Eléwé, níbi tí odò kékeré kan ti gba àárín oko Ìlobù àti oko Ìfọ́n kọjá. Àrọ̀ ń wá yé síbẹ̀ tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀bọ̀kún náà ń wá. Ẹja kan tún wà níbẹ̀ tí kò ju ìka ọwọ́ lọ, tó ní ilà dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwa ò tiẹ̀ fún un lórúkọ, ẹja wẹ́wẹ́ la ń pe gbogbo wọn. Fadékẹ́ ní òun ò tíì rí irú rẹ̀ ní odò mìíràn ní gbogbo agbègbè yìí.

Ìgbìmọ̀ kan wà tó ń kọ orúkọ irú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ sínú ìwé. Tí ibú kan bá ti wọ ìwé wọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ wa yanrìn níbẹ̀ tàbí da kẹ́míkà sí i. Àwọn tó ń wa yanrìn sì ti dé ìsàlẹ̀ odò, a ti ń gbọ́ ariwo típà wọn láti oko. Ohun méjì ni ìgbìmọ̀ náà béèrè: kí wọ́n sàmì sí ibi tí ẹja ń yé sí, kí ìlú méjèèjì sì fọwọ́ síwèé pé àwọn gbà. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni wọ́n fẹ́ wá wò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ lè bá mi da òpó méjìlá?" Fadékẹ́ bi mí.

"Ìyẹn náà lẹ wá ń bẹ̀bẹ̀ fún?" Bí mo ṣe dáhùn nìyẹn, mo bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì, mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ẹni tí kì í ṣe ará ibí ò ní mọ̀. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n ti pẹ́. Àwọn bàbá wa bá a nílẹ̀, ó ti jó ilé, ó ti mú ẹ̀mí lọ, mi ò ní tú u palẹ̀ níbí. Ọmọ Ìlobù ni mí, ọmọ Ìfọ́n sì ni ìyàwó mi, Dọlápọ̀sí. Ìyá rẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè ní Ìyá Kumasí, nítorí pé láti Gánà ni wọ́n ti padà wálé ní ọdún 1969. Ìyá náà ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Láti ìgbà ìjà tó kẹ́yìn, ó ti di ọdún kan àti oṣù mẹ́rin tí Dọlápọ̀sí ti fojú kan ìyá rẹ̀ mọ. Orí fóònù ni wọ́n ti ń kíra, ìyá ò sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́. Ìyàwó mi á máa pariwo "Èmi ni o, Mààmi, Dọlápọ̀sí ni," títí gbogbo àdúgbò á fi gbọ́.

Àkànó, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ló ní ká má tíì wá, pé inú àwọn èèyàn ṣì ń gbóná. Ṣùgbọ́n ó ti ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Oṣù kan ṣáájú ọ̀rọ̀ òpó yìí, ó fi iṣu mẹ́wàá ránṣẹ́ sí wa, ó sì fi orúkọ ọmọ mi pè mí lórí fóònù: "Bàbá Pamílẹ́rìn, ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ná, Dọlápọ̀sí á wá kí Ìyá." Ọjọ́ kejì ni ìyàwó mi ra aṣọ tó fẹ́ gbé lọ fún ìyá rẹ̀. Ó ká a sórí àpótí, ojoojúmọ́ ló ń gbọn eruku orí rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì la ri àwọn òpó náà, mẹ́fà lápá ọ̀dọ̀ wa, mẹ́fà lápá ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n tò gún régé. Mo tiẹ̀ yà wọ́n ní fọ́tò.

Láàárọ̀ Sátidé, kí n tó fẹnu kan tíì, Bámigbóyè tó jẹ́ olórí àwọn àgbẹ̀ apá ibẹ̀ ní Ìlobù ti dé ilé mi pẹ̀lú èèyàn mẹ́rin. Mo rò pé wọ́n wá bá mi jà ni. Wọ́n wá dúpẹ́ ni o!

"Síkírù, o ṣe ọkùnrin!" Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń gbọ̀n ọ́n. "O ti bá wa gba ilẹ̀ kọjá odò."

Kí n tó lè ṣàlàyé pé ọ̀rọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀, fóònù mi dún. Àkànó ni.

"Síkírù." Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, kò pè mí lórúkọ bẹ́ẹ̀ rí. "Ìwọ lo da òpó yìí, má parọ́ fún mi. Mo mọ ihò orí rẹ̀, irú rẹ̀ lo rì sí igun ilé mi. O wá fi pààlà oko bàbá mi."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi ná. Nítorí ẹja ni..."

"Ṣé orí ilẹ̀ ni ẹja ń gbé?" Ó ní kí n má wá, kí n má ránṣẹ́, kí Dọlápọ̀sí náà dúró síbi tó wà. Ó pa fóònù.

Dọlápọ̀sí wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bú mi. Ó lọ gbé aṣọ orí àpótí, ó ṣí àpótí, ó kó o sínú rẹ̀, ó sì tì í. Ìbá sàn fún mi kó bú mi.

Kí oòrùn ọjọ́ Àìkú tó yọ, àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n ti hú mẹ́fà tó wà lápá ọ̀dọ̀ wọn, wọ́n sọ wọ́n sódò. Àwọn àgbà wọn sì sọ fún Fadékẹ́ pé kó má gbé ìwé kankan wá síwájú àwọn. Ó wá bá mi nílé nírọ̀lẹ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

"Sà, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún mi?"

Abẹ́òkúta lòun ti wá, kò lè mọ̀. Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀, tí mo fẹ́yàwó kọjá odò, tí mo mọ̀ pé ẹnì kan ò lè ri igi lásán sí oko yẹn kí wọ́n má bi í pé ìlú wo ló rán an, èmi ni mo gbé òpó sọ̀fíyọ̀ lọ síbẹ̀. Ojú iṣẹ́ ni mo fi wò ó, mi ò fi ojú ìlú wò ó. Ojú tì mí.

Dọlápọ̀sí ló dá wa lóhùn láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti ń fọ kẹ́ẹ̀gì. Epo pupa ló ń tà, kẹ́ẹ̀gì òfìfo sì kún ẹ̀yìnkùlé wa.

"Nínú omi ni ẹja yìí ń yé sí, àbí lórí ilẹ̀?"

"Nínú omi ni, mà," Fadékẹ́ dáhùn.

"Kí ló wá gbé òpó dé orí ilẹ̀?" Ó ju kẹ́ẹ̀gì kan síwájú wa. "Ẹ so èyí mọ́ okùn, kó léfòó. Ta ló máa rí kẹ́ẹ̀gì lójú omi tó máa ní ilẹ̀ lẹ fẹ́ gbà?"

Fadékẹ́ gbé kẹ́ẹ̀gì náà nílẹ̀. Ó ní, "Mà, ẹ ṣeun."

Ṣùgbọ́n òpó mẹ́fà tó wà lápá ọ̀dọ̀ wa gbọ́dọ̀ kúrò kí nǹkan kan tó lè ṣeé ṣe. Ní ọjọ́ Ajé, ní aago mẹ́wàá àárọ̀, mo gbé dígà, mo lọ. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé mo yọ́ ọ hú. Bámigbóyè àti àwọn èèyàn rẹ̀ tẹ̀lé mi dé etídò.

"Ṣé o ti di ọmọ Ìfọ́n ni?" ó bi mí.

Ẹnì kan lẹ́yìn rẹ̀ sọ pé wọ́n ti fi ìyàwó rà mí.

"Èmi ni mo rì í, èmi ni mo ń hú u," mo ní. "Ẹni tó bá fẹ́ kó dúró, kó wá jókòó lé e lórí." Kò sẹ́ni tó jókòó. Olóríkunkun ni mí, wọ́n sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Wákàtí mẹ́ta ni mo fi hú iṣẹ́ ọwọ́ ara mi. Àwọn èèyàn ti péjọ sí òdìkejì odò, wọ́n ń wò mí, mo sì rí fìlà Àkànó láàárín wọn. Nígbà tí ìkẹfà jáde, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀ lápá ọ̀dọ̀ wa, mo kí i. Ó yí padà, ó lọ.

Ọjọ́bọ̀ pé, òjò àkọ́kọ́ sì ti rọ̀. Ìgbìmọ̀ dé, èèyàn mẹ́ta pẹ̀lú ìwé wọn. A ti so kẹ́ẹ̀gì mẹ́rìndínlógún mọ́ okùn méjì, Dọlápọ̀sí ló fi ọ̀dà funfun kùn wọ́n. Okùn kan máa gba òkè ibú, èkejì máa gba ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì so etí wọn mọ́ àwọn òpó tí àwọn ọ̀dọ́ Ìfọ́n sọ sódò kí wọ́n má baà lọ. Ọgbọ́n Fadékẹ́ nìyẹn. Ó dùn mọ́ mi pé òpó yẹn á wúlò fún nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n okùn kì í dá kọjá odò. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ fà á láti òdìkejì, kò sì sí ọmọ Ìlobù tó lè kọjá síbẹ̀. Àwọn ará Ìfọ́n tó wà níbẹ̀ á tó ogún, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Fadékẹ́ so òkúta mọ́ etí okùn ìsàlẹ̀, ó jù ú. Ó balẹ̀ sínú koríko lápá ọ̀dọ̀ wọn, ó sì wà níbẹ̀. Ẹni tó jẹ́ olórí ìgbìmọ̀ wo aago rẹ̀.

Àkànó la àárín àwọn èèyàn náà kọjá. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú okùn, ó wọ omi dé orúnkún, ó so ó mọ́ òpó tí èmi dà. Ó fà á wò. Ó gbójú sókè.

"Bàbá Pamílẹ́rìn! Ó ti dẹ̀ jù. Ẹ fà á!"

Mo fà á. Ìlobù àti Ìfọ́n fọwọ́ síwèé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bámigbóyè náà sì fọwọ́ sí i pẹ̀lú ìkùnsínú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo máa ń rántí.

"Dọlápọ̀sí dà?" Àkànó tún ké. "Ìyá ò sùn lóru àná. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí i."

Ẹ̀yìn mi ló wà. Mi ò mọ̀ pé ó gbé aṣọ yẹn dání, nínú ọ̀rá dúdú, láti òwúrọ̀. Ó bọ́ bàtà, ó sáré kọrí sójú ọ̀nà tí a máa ń gbà kọjá láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tó gba àárín ibú gan-an.

"Mà, ẹ dúró!" Fadékẹ́ ké. "Ẹ má gba ibẹ̀, mà, ẹyin wà níbẹ̀!"

Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan omi, ẹja ló tún ní kó yí po. Dọlápọ̀sí wo omi, ó wo òdìkejì. Ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ jáde. Ó gba ìsàlẹ̀ lọ, ó kọjá kẹ́ẹ̀gì tó kẹ́yìn, ó gbé aṣọ náà lé orí, ó sì wọ omi níbẹ̀. Nígbà tó gun òkè lọ́hùn-ún, ó kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Àkànó fà á dìde, ó sì na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé.

Kò wẹ̀yìn wò mí. Fadékẹ́ ti ní kí n má jọ̀wọ́ okùn títí òun á fi so tèmi, nítorí náà ibẹ̀ ni mo dúró sí, mo di okùn mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, omijé ń ṣàn lójú mi, mi ò ráyè nù ún, títí ìyàwó mi fi wọ inú oko ẹ̀gẹ́ tí mi ò rí i mọ́.