A Dúpẹ́, Ara Ti Yá

4.

…tí wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ gbàǹgbà pé ara rẹ̀ ti yá. Èmi Zipporah, ìyàwó Clement, ni mo ń ka ìwé dókítà rẹ̀, tí iléeṣẹ́ fi ránṣẹ́ sí wa, lórí kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Àkùngbá, níbi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ yunifásítì tẹ ìwé. Inú bí mi. Mo pa kọ̀ǹpútà. Mo tún tàn án.


1.

(Mo mọ̀ pé mo ti kọ́kọ́ kọ mẹ́rin. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀. Orí mi ò pé mọ́.)

Ní kúárì tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀kà, bẹ́líìtì ẹ̀rọ tó ń fọ́ òkúta fa apá ọ̀tún ọkọ mi wọlé. Dókítà Fúnminíyì ló tọ́jú rẹ̀ ní Ìkàrẹ́. Apá náà ò gé. Àwọn ìka ni kò gbọ́ràn mọ́.


2. OHUN TÍ ỌWỌ́ Ọ̀TÚN KÒ LÈ ṢE MỌ́

mú síbí

bọ èèyàn lọ́wọ́

kan ọrùn Tósìn ọmọ wa, kó mọ̀ bóyá ara rẹ̀ ń gbóná

(Ọwọ́ òsì ló fi ń jẹun. Á kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn kíṣìnì.)


5. ÌWÉ DÓKÍTÀ SÍ ILÉEṢẸ́

"Èmi ni mo ń tọ́jú Ọ̀gbẹ́ni Clement láti ọjọ́ tó ti fara pa. Egungun ti jinná. Ní gbogbo ìgbà tó wá, ó sọ fún mi pé ara òun ti yá. Ó lè padà sẹ́nu iṣẹ́."


6. ÌWÉ ILÉEṢẸ́ SÍ WA

"Kí Ọ̀gbẹ́ni Clement padà sídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ Ajé. Bí dókítà rẹ̀ bá ní ohun mìíràn láti sọ, kó kọ ọ́ ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ náà."

Ìdí ẹ̀rọ kan náà.


7. BÓ ṢE MÁA Ń LỌ LỌ́DỌ̀ DÓKÍTÀ

DÓKÍTÀ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Báwo lara?

CLEMENT: A dúpẹ́. Ara ti yá.

DÓKÍTÀ: Ṣé kò dùn yín mọ́?

CLEMENT: Ọlọ́run ń ṣe é.

Dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀.


8.

Ta ló máa ń dáhùn pé ara òun ò yá? Ní ilé wa ní Ọ̀kà, ẹni tó ń kú lọ gan-an á ní ara ti fúyẹ́ díẹ̀. A kì í fẹnu ara wa pe àìsàn. Dókítà mọ̀. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá tiẹ̀ náà ń dáhùn. Kí ló wá dé tó fi gbé ìdáhùn ìkíni sínú rípọ́ọ̀tù?


9. WÁSÁÀPÙ

ÈMI: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà. Ọwọ́ ọkọ mi ò ṣiṣẹ́.

DÓKÍTÀ: Ìyá Tósìn, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi rí. Ẹ mú wọn wá lọ́la, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́.

ÈMI: Wọn ò ní sọ ọ́.

Ó kà á.


10. NÍLÉ

ÈMI: Bàbá Tósìn, ẹ sọ fún dókítà pé ó ń dùn yín.

CLEMENT: Kí n wá máa ráhùn kiri bí aláìmoore?

ÈMI: Ẹ̀rọ yẹn á mú apá kejì.

CLEMENT: Mo ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú gbogbo ìjọ. Ṣé kí n lọ gba ọpẹ́ padà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?


3.

(Mo gbàgbé èyí.) Mo fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ó ń múnú bí mi.


11.

Mo sunkún.


12. ÌKÀRẸ́

Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ò béèrè bí ara ṣe rí. Ó tú bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkọ mi, ó wo èjìká rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ẹ dè é padà, sà."

Èmi ni mo dè é láàárọ̀. Èmi ni mo ń dè é nígbàkígbà tí a bá ń bọ̀ níbí, kó lè jáde bí ọkùnrin. Mo na ọwọ́.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, mà."

Mo jókòó lé ọwọ́ mi méjèèjì.

Ọkọ mi fi ọwọ́ ọ̀tún mú bọ́tìnnì àkọ́kọ́. Ó bọ́. Ó tún mú un. Ó bọ́. Òógùn yọ níwájú orí rẹ̀. Ó wò mí. Kò wò mí bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra.

Bírò wà lọ́wọ́ dókítà. Kò tíì kọ nǹkan kan.

DÓKÍTÀ: Ẹ̀gbọ́n?

CLEMENT: Ẹ ní sùúrù. Ó kù díẹ̀ kí n dè é tán.