Èsì Tí A Kò Fún Wọn

Ọjọ́ tí ìròyìn náà dé, ọkọ mi wálé lọ́sàn-án. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló ti fi ń wa fọ́kílífìtì, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé páálí sókè, ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Industrial Estate Ìsọlọ̀, kò sì ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé wọ́n ti lé e lẹ́nu iṣẹ́ ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà iṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ó na fóònù sí mi.

"Ìyá Ṣemí, bá mi kà á. Rọra kà á."

Ilé-ìwé ìjọ ni mo lọ ní Ìkàrẹ́, títí dé ìwé mẹ́fà, mo sì lè ka òyìnbó bí kò bá le jù. Mo kà á. Yunifásítì ti fún Ṣemílọ́rẹ, ọmọ wa, láyè láti wá kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Nínú ìdílé tèmi àti ti ọkọ mi, kò sí ẹni tó dé ibẹ̀ rí.

"Tún un kà," ó ní.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Ìlà kan wà nísàlẹ̀ tó ní kí ẹni tí wọ́n fún láyè lọ fèsì lórí ẹ̀rọ kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé. Mo ka ìyẹn náà. Àwa méjèèjì la gbọ́ ọ.

"Ameenat á ti ṣe ìyẹn," ni ọkọ mi wí.

Ameenat ni ọmọbìnrin tó ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà ládùúgbò wa. Òun ló fi orúkọ Ṣemílọ́rẹ sílẹ̀ fún ìdánwò JAMB. Nọ́ńbà fóònù ọkọ mi ló sì lò, torí ọmọ náà kò ní fóònù. Èmi náà gbà pé yóò ti ṣe é. Mo rò pé irú ìlà bẹ́ẹ̀ kàn máa ń wà nísàlẹ̀ lẹ́tà ni, bí ìgbà tí èèyàn bá kọ "Èmi ni tiyín ní tòótọ́."

A ṣe ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ọkọ mi, ẹni tí kì í jó, jó dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n sọ ọ́ ní Bàbá Yunifásítì níbi iṣẹ́.

"Bàbá Yunifásítì, ẹ rọra wà á o! Kí gírámà má lọ já bọ́ lẹ́nu yín sínú páálí!"

"Ẹ̀yin náà ẹ lọ bí tiyín," á dá wọn lóhùn. Bó bá ń ròyìn rẹ̀ fún mi nílé, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún lẹ́yìn ìdúpẹ́ náà, ó ní àyà ń dun òun níbi iṣẹ́. Wọ́n gbé e, kò dé ilé ìwòsàn. N kò lè kọ jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa rẹ̀.

A sin ín. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní kí n jókòó sílé fún ogójì ọjọ́, mo sì jókòó. Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí ó pé ọjọ́ mẹ́tàlá, Ameenat wá kí wa. Ó kúnlẹ̀, ó bá wa sunkún, ó wá kọjú sí ọmọ mi.

"Ṣemí, ó kéré tán, o ti fèsì sí àyè tí wọ́n fún ẹ, àbí?"

"Èsì wo, àǹtí?"

Ameenat wò mí.

"Màmá, ẹ ò padà wá sọ́dọ̀ mi. Mo rò pé ẹ ti lọ ṣe é níbòmíì ni."

"Àwa rò pé o ti bá wa ṣe é."

"Mi ò lè dá a ṣe. Kóòdù kan ni wọ́n máa fi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà tá a fi forúkọ sílẹ̀. Màmá, ọ̀la ni wọ́n máa ti ojú ìwé náà pa, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Fóònù Dádì ńkọ́?"

Fóònù náà wà lọ́dọ̀ Kọ́láolúwa, àbúrò ọkọ mi, ní Èjìgbò. A pè é títí, kò gbé ìpè. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo mú Ṣemílọ́rẹ lọ́wọ́, mo jáde pẹ̀lú aṣọ dúdú mi. Wàsílátù tí a jọ ń gbélé pariwo lẹ́yìn mi.

"Ìyá Ṣemí! Ogójì ò tíì pé o! Kí ni kí n sọ fáwọn èèyàn yín?"

"Sọ fún wọn pé ilé-ìwé ni mo lọ."

Iṣẹ́ káfíńtà ni Kọ́láolúwa ń ṣe. Nígbà tó rí mi, ayùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó wa! Ta ló ní kí ẹ jáde?"

"Bọ̀dá Kọ́lá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù ẹ̀gbọ́n yín."

Ó wọlé lọ mú un wá. Ṣemílọ́rẹ gbà á, ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀.

"Kò sí síìmù nínú ẹ̀."

Kọ́láolúwa jókòó sórí pákó. "Wọn ò yéé pè é," ó ní. "Lójoojúmọ́. 'Olúbọ̀wálé, ṣé òótọ́ ni pé o kú?' Ta ló ń béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ èèyàn? Mo yọ ọ́. Mo ṣẹ́ ẹ sí méjì, mo jù ú sí gọ́tà."

N kò lè bá a jà. Mo sọ ohun tó gbé wa wá fún un. Ó káwọ́ lérí, lẹ́yìn náà ó wá ṣẹ́ẹ̀tì wọ̀, ó tẹ̀ lé wa.

Ní ọ́fíìsì àwọn oní-síìmù, aago kan ti kọjá kó tó kàn wá. Ọmọbìnrin tó dá wa lóhùn kì í ṣe èèyàn burúkú.

"Ta ló ni nọ́ńbà, Mà?"

"Ọkọ mi ni."

"Kí wọ́n wá fúnra wọn. Wọ́n máa tẹ̀ka."

"Wọ́n ti kú."

Ó wá rí aṣọ tí mo wọ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Mà. Ẹ máa mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, pẹ̀lú ìwé kóòtù. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì."

Kọ́láolúwa na àtàǹpàkò rẹ̀ sórí tábìlì. "Ọmọ ìyá kan náà ni wá. Ẹ fi tèmi dán an wò."

"Kò lè gbà á, sà."

"Ẹ ṣáà dán an wò. Ẹ jọ̀ọ́."

Àwọn tó wà lẹ́yìn wa lórí ìlà ti ń kùn. Ọmọbìnrin náà kò mọ ibi tí yóò wò. Èmi ni mo gbé ọwọ́ àbúrò ọkọ mi kúrò lórí tábìlì.

A sáré padà sọ́dọ̀ Ameenat. Ó ti pe gbogbo nọ́ńbà tó wà lára ìwé yunifásítì náà. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé e, ó ní kí a kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́ lóyìnbó, bí wọ́n ṣe kọ́ wa, pé bàbá ọmọ náà ti kú, pé a bẹ̀ wọ́n. Ameenat fi ránṣẹ́. A jókòó, a ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Kò sí èsì. Nígbà tí aago márùn-ún lù, ó tún ojú ìwé náà ṣí. Wọ́n ti tì í pa.

Ṣemílọ́rẹ kò sunkún.

"Màmá," ó ní, "ṣebí ẹ̀yin lẹ kà á."

"Èmi ni," mo ní.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọjú sí ògiri. Mo ń jí wò ó bóyá ó ń mí. Ní ọjọ́ kẹrin, ó mu ẹ̀kọ díẹ̀, ó bi mí bóyá fọ́ọ̀mù JAMB ti tún jáde. Kò tíì jáde. Títí di òní, wọn kò dá lẹ́tà mi lóhùn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé àwọn yunifásítì mìíràn ṣì ń gbé orúkọ jáde, àti pé ẹbí kan nínú ìjọ wa fẹ́ ṣe ìdúpẹ́ fún ọmọ wọn. N kò lè lọ bá wọn yọ̀. Mo wá páálí funfun kan, mo kọ èyí sí i ní lẹ́tà ńláńlá:

*Ẹ̀yin òbí tí kò dé yunifásítì rí, bíi tiwa: bí wọ́n bá fún ọmọ yín láyè, ẹ bá a yọ̀, kí ẹ sì bá a lọ fèsì lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má rò pé ẹnìkan ti bá yín ṣe é. Bí kò bá yé yín, ẹ kanlẹ̀kùn wa, a ó tẹ̀ lé yín lọ. Ní ìrántí Olúbọ̀wálé, bàbá Ṣemílọ́rẹ.*

Ní Sátidé, nígbà tí ṣọ́ọ̀ṣì ṣófo, mo gbé e lọ síbi pátákó ìkéde. Ṣemílọ́rẹ tẹ̀ lé mi. Ó dì í mú kó má baà wọ́, mo sì kàn án mọ́ pátákó náà.