Téèpù Ìyá Aránṣọ

Ẹ ì bá rí Ìyá Aránṣọ láàárọ̀ ọjọ́ tí ọmọ rẹ̀ bímọ ní ọsibítù! Ó di ọ̀pá mú, ẹsẹ̀ ń gbọ̀n, ẹnu ń kọrin:

"Ẹ̀fọn jẹ mí, kò lè jẹ orin mi o,
Ẹsẹ̀ wó lulẹ̀, ohùn ń bẹ lókè!"

Ẹ̀fọn ló kúkú fa gbogbo ọ̀ràn. Oṣù mẹ́fà sẹ́yìn, ibà àjèjì kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri mú òun àti ọmọ rẹ̀ tó lóyún pọ̀. Ti ìyá bọ́ sí iṣan, ẹsẹ̀ méjèèjì rọ bí òwú. Ti ọmọ, dókítà ní ó lè mú kí orí ọmọ inú kéré. "Bó bá dé, a ó wọn orí rẹ̀. Kò gbọdọ̀ dín ní sẹ̀ǹtímítà méjìlélọ́gbọ̀n lórí téèpù."

Wíwọ̀n kẹ̀? Ta ló mọ̀ ọ́n wọ̀n ju aránṣọ lọ? Nọ́ọ̀sì ò tíì nu ọmọ tán tí Ìyá Aránṣọ fi fa téèpù ogún ọdún yọ lọ́rùn, ó yí i mọ́ orí ọmọ.

Mọ́kànlélọ́gbọ̀n!

Orin gé. Ó tún un wọ̀n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n náà ni.

"Màámi, kí ló dé tẹ́ ẹ dákẹ́?" Ọmọ rẹ̀ dìde jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, torí ìyá yìí kì í dákẹ́ àfi tó bá sùn.

Nọ́ọ̀sì fi téèpù tirẹ̀ wọ̀n ọ́n. "Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, Màmá."

"Irọ́ ni téèpù rẹ ń pa!"

"Ẹ mú tiyín wá."

Nọ́ọ̀sì tẹ́ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti Ìyá Aránṣọ ti fà bí rọ́bà: mọ́kànlélọ́gbọ̀n rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ti nọ́ọ̀sì.

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀n-ẹ́n! Téèpù yìí lẹ fi ń wọn àwọn oníbàárà, rúlà orí tábìlì lẹ fi ń gé aṣọ. Ìyẹn laṣọ yín ṣe ń há gbogbo ayé lára!"

"Mo sì ń sọ fún wọn pé àwọn ló ń sanra!" Ìyá Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Yéè! Ìyàwó Olùkọ́ ti ń febi para ẹ̀ látèṣí nítorí mi!"

"Orí dára," ni nọ́ọ̀sì wí, "ṣùgbọ́n a ó máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù, a ó sì yẹ ojú àti etí rẹ̀ wò."

"Ẹ máa wọ̀n ọ́n, ọmọ mi! Ẹ má ṣáà fi tèmi wọ̀n ọ́n."

Ó ká téèpù òpùrọ́ náà, ó fi so àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ orí ibùsùn ọmọ, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í dáadáa.

"Màámi, ọ̀pá yín dà?"

Ó wolẹ̀. Ọ̀pá ti sùn gbalaja lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.

"Jẹ́ ó sùn," ló wí, ló bá tún gbé orin.