Ojú Tuntun àti Pupa Irin

Láti ọjọ́ tí dókítà ti yọ ohun tó bo ẹyinjú mi ni ẹ̀rù iná àgbẹ̀dẹ mi ti ń bà mí.

Ní Sakai, ìlú wa, ojú ni àwa alágbẹ̀dẹ fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí a ri irin ọ̀bẹ bọ omi kó lè le. A máa ń ti fèrèsé pa lọ́sàn-án kí òkùnkùn lè fi pupa rẹ̀ hàn. Bí iná bá kéré, ọ̀bẹ á rọ̀. Bó bá pọ̀ jù, á sán nínú omi. Pupa èso kákì tó pọ́n dáadáa ni mo ti ń wá láti ìgbà èwe mi. Àmọ́ ojú tuntun yìí ń fi ohun gbogbo hàn mí ní funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀bẹ mẹ́ta ló wà nílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo yára yọ àkọ́kọ́ nínú iná. Fáìlì tí mo fi ń dán líle irin wò jẹ ẹ́ bí ẹni jẹ ìrèké. Mo fi èkejì sílẹ̀ pẹ́ nínú iná. Ó dún "pín" nínú omi, ó là dé ẹ̀yìn. Ó ku ẹyọ kan. Mo jókòó tì í. Bí mi ò bá mọ pupa mọ́, iṣẹ́ mi parí nìyẹn.

Hatsue, ìyàwó mi, tó ń pọ́n ọ̀bẹ ní yàrá kejì, yọjú.

"Bàbá Kaori, ṣé ẹ ti sùn síbẹ̀ ni?"

"Ojú mi ò mọ iná mọ́."

"Ojú tó rí gbogbo eruku ilé mi láàárọ̀?" Ó rí ọ̀bẹ méjèèjì tó bàjẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Ẹ lo òòfà."

"Ọmọṣẹ́ ló ń lo ìyẹn."

"Ọmọṣẹ́ náà lojú yín báyìí. Ṣebí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni."

Mo so òòfà mọ́ wáyà. Òòfà máa ń lẹ̀ mọ́ irin títí iná á fi wọ̀ ọ́ dé àyè kan. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní mọ̀ ọ́n mọ́. Mo ki ọ̀bẹ kẹta, tí mo ti fi amọ̀ ra kó lè tutù dọ́gba, bọ inú èédú tó ń jó. Òòfà lẹ̀ mọ́ ọn. Ó tún lẹ̀. Nígbà tó yá, ó kàn ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bíi pé igi ni. Ó yẹ kí n fi iná díẹ̀ kún un, àmọ́ ojú mi ń sọ pé ó ti pọ̀ jù: kò jọ kákì, ọsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pọ́n ló jọ. Mo dúró díẹ̀ sí i, mo wá rì í bọ omi.

Omi hó. Hatsue di ẹ̀gbẹ́ aṣọ mi mú. A ń retí ìró "pín" yẹn títí omi fi dákẹ́; kò dún.

Fáìlì yọ̀ lórí ọ̀bẹ náà bíi pé orí díńgí ni. Mo gbé e sórí iná jẹ́ẹ́jẹ́ kó lè rọ̀ díẹ̀, torí èyí tó le tó bẹ́ẹ̀ ṣì lè sán lórí tábìlì. Hatsue nawọ́ sí fèrèsé.

"Má tíì ṣí i," ni mo wí.

Mo mú àgékù irin kan, mo tún fi í sínú èédú, kí ojú tuntun yìí má baà gbàgbé àwọ̀ ọsàn náà.